Ìrọ̀lẹ́ Tí Oṣù Ààwẹ̀ Kò Ní Lè Lé: Ohun Tí Sánmà Ti Sọ Tẹ́lẹ̀ fún Ọdún 2027

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, 6 February 2027, nǹkan méjì ló máa bọ́ sí wákàtí kan náà ní Nàìjíríà. Bí oṣù Ṣàbánì, tó ṣáájú oṣù Ààwẹ̀, bá bẹ̀rẹ̀ ní 9 January, bí ìṣirò ṣe fi hàn pé ó yẹ kó rí, ọjọ́ yẹn ló máa pé ọjọ́ 29, àwọn Mùsùlùmí á sì jáde lọ wo oṣù Ààwẹ̀. Ní wákàtí yẹn náà ni òṣùpá máa dúró síwájú oòrùn gan-an, á bo àárín rẹ̀, òrùka iná ni yóò sì kù yíká. Ipa òrùka yẹn máa gba Chile àti Argentina, á sọdá Òkun Àtìláńtíìkì, á gba Côte d'Ivoire, Ghana, Togo àti Benin, kó tó parí sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lásìkò tí oòrùn ń wọ̀. Àwa tí a wà ní Abuja kò ní rí òrùka. Apá kan oòrùn ni òṣùpá máa bò lójú tiwa, oòrùn á sì wọ̀ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 6:37, láìtíì bọ́ lọ́wọ́ òṣùpá.

Òṣùpá tó dúró síwájú oòrùn yẹn náà ni òṣùpá tí wọ́n ń wá. Kò sí òmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá pè lálẹ́ ọjọ́ náà láti Kano, Minna tàbí Ìlọrin pé òun ti fojú ara òun rí oṣù, ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kó tó tẹ nọ́ńbà. Ó ṣọ̀wọ́n kí sánmà sọ̀rọ̀ tó ṣe kedere báyìí. Lọ́pọ̀ oṣù, ojú lásán kì í rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín oòrùn àti òṣùpá, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ọdọọdún ti ń jẹ yọ: nínú àgbàlá kan ṣoṣo ní Nyanya tàbí Kubwa, ará yàrá iwájú ń kí ara wọn kú ọdún, ará yàrá ẹ̀yìn ṣì gbààwẹ̀. Ìdájọ́ ẹ̀sìn wà lọ́wọ́ àwọn tó ni í. Ohun tí a lè sọ níbí ni ibi tí òṣùpá máa wà, bó ṣe máa ga tó, àti ìdí tí ojú fi lè rí i tàbí tí kò fi lè rí i.

Ọ̀rọ̀ ojú fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ná, torí àwọn tó máa wo oòrùn lọ́jọ́ náà máa pọ̀. Kí oòrùn rẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ilẹ̀ kò ní kó má ba ojú jẹ́. Omi inú ọpọ́n kì í ṣe ààbò, gíláàsì dúdú ti ìgbádùn kì í ṣe ààbò, fíìmù X-ray náà kì í ṣe ààbò. Ohun tó bójú mu ni awò ojú tí wọ́n dìídì ṣe fún wíwo oòrùn, tí wọ́n kọ ISO 12312-2 sí lára, tàbí gíláàsì àwọn wẹ́dà, nọ́ńbà 14. Ẹni tí kò bá rí ìkankan nínú méjèèjì lè gún ihò mìlímítà 2 sí àárín páálí, kó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà bọ́ sórí bébà funfun tó jìnnà ní mítà kan. Àwòrán oòrùn tó máa hàn lórí bébà máa fẹ̀ tó mìlímítà 9, ẹ ó sì rí ibi tí òṣùpá ti gé e.

Ìpàdé, àti ìyàsọ́tọ̀

Òṣùpá ń yí ayé ká ní ọjọ́ 27, wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 43. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń yí ká, ayé náà ń rìn yí oòrùn po, nítorí náà òṣùpá ní láti sáré díẹ̀ sí i kó tó tún bá oòrùn lójú kan náà. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44. Ìdajì ọjọ́ tó wà nínú iye yẹn ló fà á tí oṣù fi ń jẹ́ 29 tàbí 30, tí kì í jẹ́ 28 tàbí 31 láéláé.

Iye yẹn tún jẹ́ ìpíndọ́gba lásán. Ọ̀nà òṣùpá kì í ṣe róbótó pátápátá: nígbà mìíràn ó súnmọ́ wa débi kìlómítà 356,500, nígbà mìíràn ó jìnnà tó 406,700. Bó bá súnmọ́, ó máa ń yára. Bó bá jìnnà, ó máa ń fà. Nítorí bẹ́ẹ̀, láti ìpàdé kan sí èkejì lè jẹ́ ọjọ́ 29 àti wákàtí 6 ó lé díẹ̀, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ 29 àti wákàtí 20. Oṣù mẹ́rin lè tẹ̀ léra kí gbogbo wọn jẹ́ 30. Ẹni tó bá ń pín 29, 30, 29, 30 sórí kàlẹ́ńdà ogiri, tó sì ń fi ìyẹn bá àáfà jà, kò tíì mọ ọ̀nà tí òṣùpá ń rìn.

Ìpàdé yìí, ìyẹn àkókò tí òṣùpá wà láàárín àwa àti oòrùn, jẹ́ ìṣẹ́jú kan ṣoṣo fún gbogbo ayé. Ti February 2027 bọ́ sí 4:56 ìrọ̀lẹ́ ní aago Nàìjíríà, tó jẹ́ 6:56 ní Mẹ́kà, níbi tí oòrùn ti wọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ ni òṣùpá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lẹ́bàá oòrùn, lọ sí apá ìlà-oòrùn, ní nǹkan bí ìdajì dígírì ní wákàtí kan, tó jẹ́ ìbú òṣùpá fúnra rẹ̀. Láti etí ilẹ̀ dé òkè àtàrí ẹni jẹ́ dígírì 90. Ẹ na ọwọ́ yín gbọọrọ síwájú: ìka kékeré kan bo dígírì 1, ìka mẹ́ta tó wà láàárín bo 5, ìkúùkù bo 10. Ẹ má gbàgbé ìwọ̀n yìí, a ó lò ó.

Kí ló dé tí a kì í rí i kété tó bá ti kúrò lẹ́bàá oòrùn? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé òṣùpá kò funfun bí a ṣe rò. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà títì. Nínú gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí oòrùn ń dà sí i lára, nǹkan bí ìpín 12 nínú 100 ló ń dá padà. Òkùnkùn tó yí i ká lóru ló ń jẹ́ kó dán lójú wa. Ìdí kejì ni pé lásìkò yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn ń tàn sí, etí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù tó kọjú sí wa, etí yẹn sì ní láti hàn lára sánmà tó ṣì mọ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, André Danjon, ṣàkíyèsí pé bí òṣùpá kò bá tíì jìnnà sí oòrùn tó dígírì 7, etí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kì í hàn rárá. Láti ìgbà náà, ààlà Danjon ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ti jiyàn pé ó lè dín díẹ̀ sí 7 fún ẹni tó bá lo awò tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ni, ṣùgbọ́n fún ojú lásán ó dúró gbọin.

Ẹ wo àwọn tó di àkọsílẹ̀. Òṣùpá tó kéré jù tí ojú lásán tíì rí, tí àwọn onímọ̀ sì gbà, ni èyí tí Stephen James O'Meara rí ní Amẹ́ríkà ní May 1990: wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 32 lẹ́yìn ìpàdé. Èyí tí wọ́n fi awò rí ni ti Mohsen Mirsaeed ní Iran, ní September 2002: wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40. Lóòótọ́, Thierry Legault ya fọ́tò rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 8 July 2013 ní ìṣẹ́jú ìpàdé gan-an, ṣùgbọ́n oòrùn ti yọ nígbà náà, ohun èlò tó ń mú ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kì í rí ló lò, ó sì fi páálí dí oòrùn. Ìyẹn ò kan ẹni tó dúró sórí òrùlé ní Gwarinpa.

Nítorí náà, bí ìròyìn bá dé pé wọ́n rí oṣù tó jẹ́ ọmọ wákàtí 6 tàbí 8, kì í ṣe ojú ẹni yẹn ló dára ju tiwa lọ. Ohun tó sọ pé òun ṣe kò ṣeé ṣe fún àwọn tó ti fi gbogbo ayé wọn wá a pẹ̀lú irinṣẹ́.

Àríwá Nàìjíríà ní àǹfààní tí kò mọ̀

Ibi tí a wà lórí ilẹ̀ ayé ń kó ipa tó pọ̀. Abuja wà ní dígírì 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Sókótó ní 13, Maiduguri ní nǹkan bí 12. Ní irú ibi báyìí, oòrùn máa ń wọ̀ lóòró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú tààrà ni, òṣùpá náà á sì tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Bí òṣùpá bá jìnnà sí oòrùn ní dígírì 10 ní ìrọ̀lẹ́ oṣù March, gíga rẹ̀ ní Abuja máa ju 9 àbọ̀ lọ. Ní September, á wá sí nǹkan bí 8. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní London ní September kan náà, tí òṣùpá rẹ̀ jìnnà ní dígírì 10 kan náà, kò ní rí i ga tó 3, torí pé ẹ̀gbẹ́ ni òṣùpá ń yí lọ lójú tiwọn. Ọ̀pọ̀ àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yúróòpù kò rí ohun tí àwa ń rí ní ìrọ̀rùn.

Ohun yìí náà ló fà á tí oṣù tuntun fi máa ń dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìwo méjèèjì á kọjú sókè. Etí tó mọ́lẹ̀ kì í kọjú síbòmíràn àfi ibi tí oòrùn wà, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ oṣù ni oòrùn ń wọ̀ sí. Láti January sí May ló máa ń dùbúlẹ̀ dáadáa. Ní September, á fì sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn àgbà tó wò ó títí ní, òṣùpá lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó gún dáadáa sí ọ̀dọ̀ oòrùn.

Àǹfààní kejì ni ìwọ̀-oòrùn. Láti Mẹ́kà dé Abuja jẹ́ nǹkan bí wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 9 ní ti ìwọ̀ oòrùn, àsìkò yẹn sì tó kí òṣùpá fi dígírì kan jìnnà sí i. Bí ilẹ̀ Saudi bá rí oṣù lóòótọ́, tí sánmà wa sì mọ́, ó yẹ kó rọrùn fún wa láti rí i ju fún wọn lọ. Ohun tó máa ń yani lẹ́nu ni kí wọ́n ní wọ́n ti rí i níbẹ̀, kí àwa tí a wà níwájú wọn lọ́nà òṣùpá wo ìwọ̀-oòrùn tó mọ́ kedere láìrí nǹkan kan. Láàárín Nàìjíríà fúnra rẹ̀, oòrùn ń wọ̀ ní Maiduguri ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú Sókótó. Ìyàtọ̀ yẹn kéré, ìdámẹ́rin dígírì péré, ṣùgbọ́n bí oṣù bá wà létí ààlà, ẹ̀rí láti Sókótó tàbí Kebbi wúwo ju èyí tó ti Borno wá.

Ibi tó máa ń dojú rú

Ní gbogbo oṣù kẹjọ Ìsìláàmù, ìgbìmọ̀ tó ń wo oṣù lábẹ́ NSCIA, ìyẹn ìgbìmọ̀ gíga tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí Nàìjíríà, máa ń ní kí àwọn èèyàn jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29. Ìròyìn á ti ìlú kọ̀ọ̀kan wá, Súltánì Sókótó, Alhaji Muhammad Sa'ad Abubakar, tí wọ́n jẹ́ olórí NSCIA, ni wọ́n sì ń kéde. Ọ̀nà náà dára. Ibi tí àlàáfo ti ń wọlé ni bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń mú ẹ̀rí wá kì í purọ́. Wọ́n rí nǹkan ni. Ohun tí wọ́n rí kọ́ ni oṣù. Èéfín ẹ̀yìn ọkọ̀ òfuurufú tí oòrùn abẹ́ ilẹ̀ tàn sí lè tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì tẹ̀ kọrọdọ. Etí ìkùukùu lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tó ti tẹjú mọ́ ibì kan fún ìṣẹ́jú 20 pẹ̀lú ìfẹ́ láti rí nǹkan náà lè dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ti Àgùàlà tún yàtọ̀. Wọ́n ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ayé mìíràn ni Àgùàlà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó tiwa. Ohun tó kan wa nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ó ń mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ní apá ibi tí a ti ń wá oṣù gan-an, òun náà sì máa ń di tẹ́ẹ́rẹ́ bí oṣù nígbà tó bá súnmọ́ ayé. Ojú lásán ò lè rí i pé ó tẹ̀, àmọ́ ẹni tó fi awò wò ó lè pariwo pé òun rí oṣù kékeré kan tó mọ́ kedere, kó sì búra tọkàntọkàn. Ní February 2027, Àgùàlà kò ní sí nínú ọ̀rọ̀ yìí; òwúrọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò máa yọ.

Bí ẹ̀rí bá dé, ìbéèrè márùn-ún kan tó láti yẹ̀ ẹ́ wò: aago mélòó lo rí i, níhà wo sí ibi tí oòrùn wọ̀ sí, ìka mélòó ló fi ga sókè ilẹ̀, ibo ni ìwo rẹ̀ kọjú sí, ìṣẹ́jú mélòó ló fi wà kó tó wọ̀. Ẹni tó ní ìwo náà kọjú sí ilẹ̀ níbi tí oòrùn wọ̀ sí kò rí oṣù. Ẹni tó ní òun rí i ní aago 7:45 nígbà tí òṣùpá ti wọ̀ ní 7:20 kò rí oṣù. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ ara rẹ̀ yà á sórí bébà kí ẹ tó bi í ní nǹkan mìíràn, torí ìbéèrè tí a bá bi lọ́nà àìtọ́ máa ń fi ìdáhùn sí ẹni lẹ́nu.

Ẹjọ́ mìíràn tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kejì ni ti àwọn tó ń wo oṣù tó tóbi, tí wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i, ọmọ ọjọ́ méjì nìyí, a ti jẹ ààwẹ̀ kan.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òṣùpá bá jẹ́ ọmọ wákàtí 13 ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, kò ní hàn. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, á ti di ọmọ wákàtí 37, á nípọn, á sì pẹ́ ju wákàtí kan lọ kó tó wọ̀. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí ojú rí i nìyẹn náà.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ṣáájú

Nọ́ńbà mẹ́ta ló ń ṣe ìpinnu, wọ́n sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Ẹ gbé Stellarium wá, ìyẹn áàpù tó ń fi sánmà hàn, ẹ fi Abuja sí ibi tí ẹ wà, ẹ fi ọjọ́ àti aago tí oòrùn máa wọ̀ sí i, ẹ tẹ òṣùpá. Èkíní ni wákàtí tó ti kọjá láti ìgbà ìpàdé. Èkejì ni ìjìnnà rẹ̀ sí oòrùn. Ẹ̀kẹta ni gíga rẹ̀ tí oòrùn bá wọ̀. Lọ́dọ̀ wa, gíga dígírì kan jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 kí òṣùpá tó wọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ó ga ní dígírì 8 ti mọ̀ pé ìdajì wákàtí ló ní.

Àwọn orílẹ̀-èdè ò fẹnu kò lórí iye tó tó. Àwọn tó pàdé ní Istanbul ní 1978 ní kí òṣùpá jìnnà sí oòrùn ní dígírì 8, kó sì ga tó 5. Malaysia, Indonesia àti àwọn aládùúgbò wọn ń lo 6.4 àti 3. Kàlẹ́ńdà Umm al-Qura ti Saudi kò béèrè bóyá ojú lè rí i rárá: bí ìpàdé bá ti ṣẹlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀ ní Mẹ́kà, tí òṣùpá sì wọ̀ lẹ́yìn oòrùn, kódà ní ìṣẹ́jú kan péré, oṣù ti wọlé lórí bébà. Kí a má fi kàlẹ́ńdà yẹn ṣe ẹ̀rí pé oṣù hàn. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún.

Fún ẹni tó fẹ́ jáde, kó wá ibi gíga tí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bí òkè Katampe tàbí Mpape, kì í ṣe ẹ̀yìn ilé alájà mẹ́ta. Kó dé ibẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kó fi igi tàbí òpó kan ṣe àmì ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ February, ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí dígírì 15 sí apá òsì ìwọ̀-oòrùn gangan, ìyẹn ìkúùkù kan àti ààbọ̀. Awò tí wọ́n kọ 7×50 tàbí 10×50 sí lára dára gan-an, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ojú títí oòrùn á fi wọ̀ tán pátápátá. Ní 1997, B. D. Yallop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò àkókò tó dára jù: ẹ pín àsìkò tó wà láàárín wíwọ̀ oòrùn àti wíwọ̀ òṣùpá sí ọ̀nà 9, òpin ìpín kẹrin ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Bí àsìkò náà bá jẹ́ ìṣẹ́jú 45, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Ẹni tó bá kírun Màgàríbì láìfi falẹ̀ á ṣì bá a níbẹ̀.

Tí a bá lo nọ́ńbà wọ̀nyí fún 2027, 6 February kò ṣeé ṣe. Ní 7 February, òṣùpá á ti pé wákàtí 25 ó lé, á jìnnà tó nǹkan bí dígírì 11, á wà lókè ibi tí oòrùn wọ̀ sí, á sì wọ̀ ní nǹkan bí aago 7:20 ní Abuja. Ojú á rí i bí sánmà bá mọ́. Ààwẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, 8 February.

Ìjà tó le jù wà ní òpin ààwẹ̀ náà. Ọjọ́ 29 Ààwẹ̀ á bọ́ sí 8 March, ìpàdé oòrùn àti òṣùpá á sì ṣẹlẹ̀ ní 10:29 òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ní Abuja, òṣùpá á jẹ́ ọmọ wákàtí 8, kò ní tíì jìnnà tó dígírì 5 sí oòrùn, kò sì ní pẹ́ kó tó wọ̀. Kò tó ààlà Danjon, díẹ̀ báyìí ló sì fi ju ìdajì ọjọ́ orí tí òṣùpá O'Meara ní lọ. Síbẹ̀ ìròyìn pé wọ́n rí i máa jáde láti ibì kan, torí pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí: ní 29 March 2025, òṣùpá bo apá kan oòrùn ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù àti apá kan Áfíríkà, ìpàdé náà jẹ́ 11:58 òwúrọ̀ aago wa, òṣùpá sì jẹ́ ọmọ wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 nígbà tí oòrùn wọ̀ ní Abuja. Saudi àti Nàìjíríà ṣe ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ní ọjọ́ kejì, 30 March. Morocco, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gbogbo wa, tí òṣùpá sì ní wákàtí púpọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣe tiwọn ní 31 March.

Ọyẹ́

Wàhálà kan ń bọ̀ tí àwọn èèyàn kò tíì máa sọ. Oṣù 12 ti òṣùpá jẹ́ ọjọ́ 354, nítorí náà Ààwẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Láti February ló ti ń wọ January, lẹ́yìn náà December àti November, títí di nǹkan bí 2033, ìyẹn gbogbo ìgbà ọyẹ́. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé láti Bodélé ní Chad àti láti aginjù Sàhárà máa ń dì sí ìsàlẹ̀ sánmà. Òṣùpá tó wà ní dígírì 5 sílẹ̀ lè má hàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò ní ó yẹ kó hàn. Ní Kano àti Maiduguri, oòrùn fúnra rẹ̀ máa ń sọnù sínú eruku kó tó dé ilẹ̀. Ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, orí òkè dára ju àfonífojì lọ, awò dára ju ojú lásán lọ, ìlú tí òjò ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì dára ju ibi gbogbo lọ. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó ní òun rí oṣù tó wà ní dígírì 2 láàárín eruku January ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa.

Fún 7 February 2027, ọyẹ́ kò ní da nǹkan kan rú bí Ṣàbánì bá bẹ̀rẹ̀ ní 9 January, torí ọjọ́ yẹn ló máa pé 30, oṣù mìíràn ni yóò tẹ̀ lé e dandan. Bí ìlú kan bá bẹ̀rẹ̀ Ṣàbánì ní 10 January, ọjọ́ 29 tiwọn ló máa bọ́ sí 7 February, eruku tó bá bo òṣùpá lọ́jọ́ yẹn á sì sún ààwẹ̀ wọn síwájú di 9. Nítorí náà, oṣù Ṣàbánì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í jáde lọ wò ni kí a kọ́kọ́ wò: ìrọ̀lẹ́ Fraidé, 8 January 2027, òṣùpá á jẹ́ ọmọ nǹkan bí wákàtí 21.